Ẹ kọ́kọ́ wo irin kí ẹ tó ka orúkọ: àlàyé lórí ìpàdé àwọn olùkójọ idà àtijọ́ ilẹ̀ Éṣíà

Bí ẹ bá ṣèèṣì wọ yàrá tí àwọn olùkójọ idà àtijọ́ ti ń ṣe ìpàdé, ohun tí ẹ máa bá níbẹ̀ lè má yé yín rárá. Idà márùn-ún wà lórí tábìlì. Ara wọn ń dán gbinrin, ṣùgbọ́n wọ́n ti fi aṣọ tàbí igi bo ìdí wọn, kò sẹ́ni tó lè rí ibi tí alágbẹ̀dẹ kọ orúkọ rẹ̀ sí. Àwọn èèyàn tò sílẹ̀, wọ́n ń gbé idà kọ̀ọ̀kan sókè sí iná, wọ́n ń wò ó fínnífínní, kò sí ariwo. Ẹni tó bá wò tán á kọ ọ̀rọ̀ kan sórí ìwé pélébé, á mú un lọ bá àgbàlagbà kan tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan. Onítọ̀hún á kọ èsì ṣókí sí i, á dá a padà. Ẹnì kan gba èsì tirẹ̀, inú rẹ̀ dùn. Ẹlòmíràn gba tirẹ̀, ó tún padà lọ tò.

Ọjà kọ́ ni wọ́n ń ná, tẹ́tẹ́ kọ́ sì ni wọ́n ń ta. Ohun tí àwọn ará Japan ń pè ní kantei ni wọ́n ń ṣe. Bí wọ́n bá fi orúkọ pamọ́ fún yín, ṣé ẹ lè wo irin lásán kí ẹ sọ ìgbà tí wọ́n rọ ọ́, ibi tí wọ́n ti rọ ọ́, àti ọwọ́ ẹni tó rọ ọ́? Gbogbo nǹkan yòókù tó ń rú aláìmọ̀ lójú nínú ìkójọ ohun ìjà àtijọ́, títí kan ọ̀rọ̀ owó àti ọ̀rọ̀ ìpáàrà, orí ìbéèrè yìí ló dúró lé. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ pẹ́ díẹ̀ nídìí rẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n sábà máa ń gbà yín láàyè láti dáhùn lórí idà kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá dárúkọ ẹni tó rọ ọ́ gan-an, atari ni èsì yín: ọfà yín ti bà á. Bí ẹ bá dárúkọ ọ̀gá rẹ̀, ọmọ rẹ̀, tàbí ẹni tí wọ́n jọ kọ́ṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá kan náà, tí iṣẹ́ wọn sì jọra débi pé ó ṣòro láti yà wọ́n sọ́tọ̀, wọ́n á kọ dozen fún yín, ìyẹn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú kí ẹ gbà á. Bí ẹ bá ṣi orúkọ mú, àmọ́ tó jẹ́ agbègbè tí ẹ sọ ni idà náà ti wá, wọ́n á jẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ojú ọ̀nà tó tọ́ lẹ wà. Ọ̀nà gidi ni wọ́n ní lọ́kàn o. Láyé àtijọ́, àwọn ọ̀nà ńlá bíi Tokaido, tó gba etí òkun ìlà-oòrùn, àti Sanyodo, tó kọrí sí ìwọ̀-oòrùn, ni ìjọba Japan fi pín ilẹ̀ náà sí ẹkùn-ẹkùn, àwọn tó ń kọ̀wé nípa alágbẹ̀dẹ sì ń tẹ̀ lé ìpín yẹn títí dòní. Bó bá jẹ́ ìgbà lẹ ṣì, wọ́n á sọ ọ́. Bí kò bá sí èyíkéyìí tó bára mu, iya ni wọ́n á kọ, ìyẹn ni pé rárá.

Èmi ò tíì rí ọ̀nà ìkọ́ni tó dára tó báyìí. Èsì náà kúrú, kò sì sọ ohun tí ẹ ṣe ṣì í fún yín. Ṣe ló ń dá yín padà sídìí irin kan náà, kí ẹ fi ojú yín wá ohun tí ẹ gbójú fò.

Kí ni wọ́n wá ń wò? Ìrísí ló ṣáájú, nítorí ìrísí ló ń tú àṣírí ìgbà. Idà àwọn jagunjagun orí ẹṣin ní nǹkan bí ọ̀rúndún kọkànlá sí ìkejìlá tẹ́ẹ́rẹ́, ó gùn, ibi tó sì ti tẹ̀ jù lọ sún mọ́ èèkù. Tachi nìyẹn, ojú rẹ̀ máa ń kọ sísàlẹ̀ bó bá so mọ́ ìbàdí olówó rẹ̀. Ní ọ̀rúndún kẹrìnlá, wọ́n rọ àwọn kan tó gùn tó sì fẹ̀ kọjá ààlà. Nígbà tí ogun wá di ti ẹlẹ́sẹ̀, idà kúrú sí i, wọ́n sì ń fi í há ìgbànú pẹ̀lú ojú rẹ̀ lókè kó lè yá fà yọ: katana nìyẹn. Nígbà tó fi máa di àsìkò Kanbun, láti 1661 sí 1673, idà fẹ́rẹ̀ẹ́ má tẹ̀ mọ́, ó sì ń tín-ín-rín lọ sí ṣóńṣó. Ẹni tí ojú rẹ̀ ti mọ́ iṣẹ́ yìí á ti mọ ọ̀rúndún tí idà ti wá kó tó dé ìdí tábìlì.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ara irin fúnra rẹ̀. Alágbẹ̀dẹ máa ń ká irin lé ara rẹ̀, á lù ú, á tún ká a, léraléra, kí ìdọ̀tí inú rẹ̀ lè jáde, kí líle rẹ̀ sì lè dọ́gba. Kíká yìí máa ń fi ìlà sílẹ̀ lára irin, bó ṣe máa ń wà lára pákó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Ìlà tó ń lọ gbọọrọ wọ́pọ̀ lára iṣẹ́ àwọn alágbẹ̀dẹ Yamato. Ti àwọn mìíràn máa ń lọ́, á máa pòyì. Yamato yìí wà lára ẹ̀ka márùn-ún tí wọ́n pín iṣẹ́ idà àtijọ́ Japan sí. Àwọn yòókù ni Yamashiro, Bizen, Soshu àti Mino.

Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn jù ni hamon, ìlà funfun tó gba ẹ̀gbẹ́ ojú idà lọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé wọ́n yà á sí i ni. Rárá o. Kí alágbẹ̀dẹ tó ki idà bọ omi, á fi amọ̀ rẹ́ ara rẹ̀: á nípọn ní ẹ̀yìn, á fẹ́lẹ́ ní ojú. Bí irin gbígbóná náà bá wọ omi, ojú á tutù lójú ẹsẹ̀, á le koko, ìdí nìyẹn tó fi ń mú. Ẹ̀yìn tí amọ̀ bò á rọra tutù, á rọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìdí nìyẹn tí idà kì í fi í tètè ṣẹ́. Ibi tí líle àti rírọ̀ ti pàdé ni hamon.

Ẹ mú idà náà, kí ẹ kọ ọ́ sí gílóòbù kan ṣoṣo, kì í ṣe iná tó kún gbogbo yàrá, kí ẹ wá máa rọra yí i. Ó ní igun kan tí ìlà náà á ti tàn lójijì. Nígbà náà lẹ máa rí i pé kì í ṣe ìlà kan ṣoṣo: bóyá àwọn ẹyọ wẹ́wẹ́ tó ń tàn lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń pè ní nie, tàbí funfun rírẹlẹ̀ kan tí ojú ò lè yọ ẹyọ kankan nínú rẹ̀, nioi. Nie ni àwọn alágbẹ̀dẹ Soshu fi lókìkí. Nioi ló wọ́pọ̀ lára iṣẹ́ Bizen. Lára Bizen àtijọ́, òjìji fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tún máa ń wà lókè hamon, kì í sì í hàn àfi láti igun kan. Ayédèrú hamon tí wọ́n fi ásíìdì yà kò ní ìwọ̀nyí. Bí ẹ bá yí i títí, bákan náà ni yóò máa rí, kò ní jinlẹ̀, kò ní tàn. Ẹni tó bá ti rí ojúlówó lẹ́ẹ̀kan lábẹ́ iná tó dáa, ó ṣòro kí wọ́n tó lè fi ayédèrú tàn án jẹ mọ́.

Irin yìí náà ní ìtàn tirẹ̀. Yanrìn onírin ni wọ́n fi ń ṣe é, nínú ìléru amọ̀ tí wọ́n ń pè ní tatara, èédú ni wọ́n sì fi ń dáná sí i. Àwọn ilé-iṣẹ́ irin ìgbàlódé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa iṣẹ́ yìí run, àmọ́ ní 1977, ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú idà ní Japan, Nihon Bijutsu Token Hozon Kyokai, tún dá a sílẹ̀ ní Okuizumo, ní ẹkùn Shimane. Ìgbà òtútù nìkan ni wọ́n ń tan ìléru náà. Ọ̀sán mẹ́ta òru mẹ́ta ni wọ́n fi ń bu yanrìn àti èédú sí i, nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 10 yanrìn àti tọ́ọ̀nù 12 èédú, kí wọ́n tó wó ìléru náà, kí wọ́n sì yọ odindi irin tó tó tọ́ọ̀nù 2.5 jáde nínú rẹ̀. Apá kan lára irin yẹn ló dára tó láti fi rọ idà. Òun ni wọ́n ń pín fún àwọn alágbẹ̀dẹ tó níwèé àṣẹ.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká dé orí orúkọ.

Apá irin tó wọ inú èèkù, nakago, ni alágbẹ̀dẹ Japan máa ń fi irin gbẹ́ orúkọ rẹ̀ sí. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ á rò pé bí orúkọ bá ti wà, ọ̀rọ̀ parí. Ó yẹ kó jẹ́ pé ìgbà yẹn gan-an ni ìfura bẹ̀rẹ̀. Láti ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún ni àwọn oníṣòwò ti ń gbẹ́ orúkọ àwọn gbajúgbajà sára idà ẹni tí kò lórúkọ. Nagasone Kotetsu, alágbẹ̀dẹ ọ̀rúndún kẹtàdínlógún tó ti kọ́kọ́ ń ṣe ìhámọ́ra ogun kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ idà, wà lára àwọn tí wọ́n ń jí orúkọ wọn lò jù. Nígbà tí olùkójọ tó dàgbà nínú iṣẹ́ bá rí «Kotetsu» lára idà, ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni pé irọ́ ni, títí irin fi máa jẹ́rìí.

Ìpáàrà tó wà lára nakago ni ẹlẹ́rìí kejì, ìdí sì nìyẹn tí wọ́n á fi pariwo mọ́ yín bí ẹ bá sọ pé ẹ fẹ́ fọ̀ ọ́. Ìpáàrà ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún dúdú, ó jinlẹ̀, ó dán díẹ̀ nítorí ọwọ́ tó ti ń kàn án láti ìran dé ìran. Kò rọrùn láti fi ẹ̀tàn mú kó tètè dà bẹ́ẹ̀. Ẹ fi awò tó ń mú nǹkan tóbi wo inú gbígbẹ́ orúkọ náà. Bí inú lẹ́tà bá ṣókùnkùn bíi ti àyíká rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti jọ dàgbà. Bí ẹ bá rí i tó ṣì pọ́n, tàbí tí etí lẹ́tà ṣì mú, lórí irin tí ìpáàrà rẹ̀ ti gbó, ẹnì kan gbẹ́ orúkọ yẹn lẹ́yìn náà ni. Ẹ tún wo ihò tí wọ́n ń ki èèkàn tó mú idà mọ́ èèkù bọ̀. Wọ́n máa ń lu ti àtijọ́ ni, kì í rí róbótó dáadáa. Ihò tó rí rogodo geerege, ẹ̀rọ ló lu ú. Gbogbo ẹ̀rí yìí ni ẹni tó bá mú pépà tí wọ́n fi ń ha igi fọ nakago máa ń pa rẹ́ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kò sì sí owó tó lè dá a padà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ tún ti ń ta kókó ni pé ọ̀pọ̀ idà tó dára jù ní Japan ni kò ní orúkọ rárá. Nígbà tí àṣà kúrò lórí tachi gígùn, àwọn olówó idà ní kí wọ́n gé wọn kúrú láti ìdí, kí wọ́n lè wúlò bíi katana. Ìdí yẹn ni orúkọ wà, ó sì bá a lọ. Masamune, alágbẹ̀dẹ Soshu tí ọ̀pọ̀ kà sí ọ̀gá gbogbo wọn, tó ṣiṣẹ́ ní ìparí ọ̀rúndún kẹtàlá sí ìbẹ̀rẹ̀ ìkẹrìnlá, kò tiẹ̀ fi bẹ́ẹ̀ kọ orúkọ sára iṣẹ́ rẹ̀. Ìdílé Hon'ami ló wá gba ipò adájọ́. Ìran wọn ń wo idà, ń sọ ẹni tó rọ ọ́, wọ́n sì ń kọ ìwé ẹ̀rí fún un. Nígbà mìíràn wọ́n á fi wúrà kọ ìdájọ́ wọn sára nakago tó ti di òfìfo. Ní 1719, Tokugawa Yoshimune, olórí ìjọba ológun ìgbà náà, gba àkójọ orúkọ àwọn idà tó lókìkí jù ní ilẹ̀ náà láti ọwọ́ wọn. Ọ̀pọ̀ nínú ohun tí wọ́n sọ ṣì ń fẹsẹ̀ múlẹ̀ lónìí. Ẹ wá rí i pé idà aláìlórúkọ tí irin rẹ̀ jẹ́rìí lè fi ìlọ́po níye lórí ju èyí tó lórúkọ ńlá lọ tí irin rẹ̀ kò bá a mu.

Lónìí, ẹgbẹ́ tí mo mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1948, ló ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ ìdájọ́ yìí, ó sì ní ilé àkójọ idà tirẹ̀ ní Ryogoku ní Tokyo. Ipò mẹ́rin ni ìwé ẹ̀rí wọn: Hozon, Tokubetsu Hozon, Juyo, Tokubetsu Juyo. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn bí ẹnikẹ́ni bá ń fi ìwé ha yín létí: ìwé náà sọ pé idà jẹ́ ojúlówó àti pé ó yẹ ní títọ́jú, kò dá iye owó lé e.

Kí ló fà á tí irú idà báyìí fi tàn dé Amẹ́ríkà àti Yúróòpù? Ogun ni. Òfin 1876 ti kọ́kọ́ ká idà kúrò ní ìbàdí àwọn samúráì, ìyẹn àwọn jagunjagun Japan. Nígbà tí wọ́n ṣẹ́gun Japan ní 1945, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ní kí gbogbo ìlú kó ohun ìjà sílẹ̀. Wọ́n run ọ̀kẹ́ àìmọye idà, àwọn ọmọ ogun sì kó òmíràn lọ sílé gẹ́gẹ́ bí ìrántí. Àwọn onímọ̀ méjì, Honma Junji àti Sato Kanzan, ló bẹ ọ̀gá ológun Amẹ́ríkà kan, Victor Cadwell, títí ó fi yé e pé kì í ṣe gbogbo idà ni ohun ìjà lásán. Látàrí rẹ̀ ni wọ́n fi yọ iye tó lé ní 5,000 nínú èyí tí wọ́n kó jọ sí Akabane ní Tokyo. Mi ò mọ bí ẹnikẹ́ni ṣe lè ka ìtàn yìí kó má dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn mẹ́ta yẹn. Síbẹ̀, àdánù wà. Idà Honjo Masamune, tí Japan ti kà sí ohun ìṣúra orílẹ̀-èdè ní 1939, ni ìdílé Tokugawa fà lé ọlọ́pàá lọ́wọ́ ní oṣù Kejìlá 1945. Kò sẹ́ni tó tún fojú kàn án ní gbangba láti ìgbà náà.

Òdìkejì rẹ̀ ni ti Walter Compton, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ òògùn kan ní Amẹ́ríkà tó tún jẹ́ olùkójọ idà. Ó rí i pé idà kan tó ti wọ ọwọ́ òun, iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ Kunimune, jẹ́ ti ojúbọ Terukuni ní Kagoshima, ohun ìṣúra orílẹ̀-èdè ni pẹ̀lú. Ó dá a padà fún wọn ní 1963, kò gba owó. Nínú ìpàdé àwọn olùkójọ, orúkọ rẹ̀ ṣì ń jáde pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀.

Ogun yìí kan náà ló fà á tí ẹnì kan fi lè jogún idà Japan lọ́wọ́ bàbá àgbà rẹ̀ lónìí, tí kò sì mọ ohun tó dì mú. Púpọ̀ nínú wọn ni ilé-iṣẹ́ ṣe fún àwọn ológun ní kíákíá, òróró ni wọ́n ki wọn bọ̀ dípò omi, ilé-iṣẹ́ sì lu òǹtẹ̀ sára nakago. Àmọ́ nígbà mìíràn, inú àkọ̀ ológun lásán ni idà ìdílé kan tó ti pé 400 ọdún wà. Nítorí náà, ẹ má fọ ọ́, ẹ má pọ́n ọn, ẹ má fún ẹni tó ń pọ́n ọ̀bẹ ilé ìdáná. Ẹ yọ èèkàn, ẹ ya fọ́tò nakago ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí ẹ mú un lọ bá ẹgbẹ́ àwọn olùkójọ. Ẹ má sì ṣe fi í ránṣẹ́ sí Japan kí ẹ tó bèèrè, nítorí àwọn idà ológun tí wọn kò rọ ní ìlànà àtijọ́ kò ṣeé forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀; ṣe ni wọ́n máa gbẹ́sẹ̀ lé e.

Gbogbo èyí ti Japan ni, ohun tó sì máa ń da àwọn èèyàn láàmú nínú ìpàdé tó kó gbogbo Éṣíà pọ̀ ni pé òfin ìdí tábìlì kan lè jẹ́ èèwọ̀ nídìí èkejì. Ẹni tó bá fi ásíìdì kan idà Japan ti bà á jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ lọ sídìí tábìlì keris, ọ̀bẹ àfigún ilẹ̀ Java ní Indonéṣíà, tí UNESCO kéde ní 2005 pé ó jẹ́ ara ogún gbogbo aráyé. Irin oríṣi méjì ni alágbẹ̀dẹ keris, tí wọ́n ń pè ní empu, máa ń lù pọ̀, èyí tó ní níkẹ́ẹ̀lì nínú àti èyí tí kò ní. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ àti àséníìkì wẹ̀ ẹ́, májèlé gidi ni o. Irin lásán á dúdú, èyí tó ní níkẹ́ẹ̀lì á funfun, àrà tó wà nínú rẹ̀ á sì yọ: pamor. Ọdọọdún, ní oṣù Suro tó bẹ̀rẹ̀ ọdún àwọn ará Java, ọ̀pọ̀ ìdílé ló ń wẹ keris wọn báyìí. Bí ẹ bá fi ti Japan wò ó, ẹ ó rò pé wọ́n ń ba nǹkan jẹ́. Àìwẹ̀ ẹ́ ló máa bà á jẹ́.

Wọ́n máa ń sọ pé òkúta ojú ọ̀run ni wọ́n fi ń ṣe pamor. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀: òkúta irin kan já bọ́ nítòsí Prambanan, ó sì wà láàfin Surakarta di òní. Ṣùgbọ́n keris tí wọ́n fi irú irin bẹ́ẹ̀ ṣe kò pọ̀. Irin tó ní níkẹ́ẹ̀lì láti erékùṣù Sulawesi wà, níkẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń rà lọ́jà náà sì dé nígbà tó yá. Bí oníṣòwò bá sọ pé gbogbo keris tó wà níwájú òun ló ti ojú ọ̀run bọ̀, ẹ máa bá ọ̀nà yín lọ. Ẹ tún ka ìṣẹ́po ara rẹ̀ bó bá jẹ́ èyí tó ṣẹ́ kọ́lọkọ̀lọ: iye tí kò ṣeé pín sí méjì dọ́gba ló gbọ́dọ̀ jẹ́, mẹ́ta, márùn-ún, méje. Ọ̀pọ̀ keris ló sì tọ́ gbọọrọ, tí kò ní ìṣẹ́po kankan.

Ọ̀pọ̀ idà Íńdíà àti ti Páṣíà ni wọ́n fi irin wootz ṣe. Ní gúúsù Íńdíà àti Sri Lanka, wọ́n ń yọ́ irin àti èròjà igi nínú ìkòkò amọ̀ tí wọ́n dé pa, wọ́n á sì jẹ́ kó rọra tutù. Irin tó ń jáde níbẹ̀ kún fún kábọ́ọ̀nù, nǹkan bí ìdá 1.5 nínú ọgọ́rùn-ún, àrà kan sì máa ń hàn lára rẹ̀ bí wọ́n bá fi èròjà pa á lára lẹ́yìn tí wọ́n rọ ọ́ tán. Àwọn ará Páṣíà ra irin yìí púpọ̀. Iṣẹ́ náà kú ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ní àwọn ọdún 1990 ni John Verhoeven, onímọ̀ nípa irin, àti alágbẹ̀dẹ Alfred Pendray ní Amẹ́ríkà tó fi hàn pé bíńtín lásán vánádíọ̀mù tó wà nínú irin àtijọ́ wà lára ohun tó ń jẹ́ kí àrà náà tò bẹ́ẹ̀.

Níbí náà, orúkọ ń purọ́. Assad Ullah ti Isfahan, tí wọ́n sọ pé ó rọ idà fún Shah Abbas tó jọba láti 1588 sí 1629, ni orúkọ rẹ̀ wà lára idà Páṣíà tí kò lóǹkà. Ọdún tí wọ́n kọ sára àwọn kan jìnnà síra débi pé kò sí ẹ̀dá kan tó lè gbé ayé pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Àmì pé idà dára ni orúkọ náà dà nígbà tó yá.

Mo gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́ pé ó níbi tí irin kì í fi í ṣe ohun àkọ́kọ́. Ní oṣù Karùn-ún 2023, ní ọjà gbàǹjo Bonhams ní London, idà kan tí wọ́n mú nínú yàrá Tipu Sultan, ọba Mysore ní Íńdíà, tà ní mílíọ̀nù 14 pọ́ọ̀n-ùn. Ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún 1799 ni wọ́n pa Tipu nígbà tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ya wọ Srirangapatna, wọ́n sì fi idà náà ta David Baird tó ṣáájú ìkọlù náà lọ́rẹ. Ìtàn tó ní ẹ̀rí láti ọwọ́ dé ọwọ́ ni wọ́n fi owó yẹn rà. Ẹ̀rí yẹn ló ṣọ̀wọ́n. Ìtàn tí wọ́n ń fẹnu lásán sọ fún yín nídìí tábìlì pé «ti ọba kan ni», láìsí ìwé, kò kún owó ọjà náà.

Bí ẹ bá fẹ́ lọ sí irú ìpàdé yìí, Dai Token Ichi máa ń wáyé lọ́dọọdún ní Tokyo, àwọn olùkójọ ń pàdé ní Chicago àti San Francisco, ẹgbẹ́ kan sì ti wà ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 1964. Ìwà ṣe pàtàkì níbẹ̀. Ẹ tọrọ àyè kí ẹ tó fọwọ́ kan idà. Ẹ tẹrí ba fún un díẹ̀, kí ẹ gbé e dání dáadáa, kí ẹ má fi ìka kan ara rẹ̀, nítorí òógùn ọwọ́ yín lè mú un dógùn-ún kí olówó rẹ̀ tó délé. Ẹ má sọ̀rọ̀ lé e lórí, itọ́ ń ta. Bí ẹ bá fẹ́ fi lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, ẹ gbé e nàró, kí ojú rẹ̀ kọ sọ́dọ̀ yín.

Kí ẹ tó rà, ẹ bèèrè òfin. Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti 2008, wọ́n fòfin de idà tó tẹ̀ tó sì gùn tó sẹ̀ǹtímítà 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àfi èyí tí wọ́n ṣe ṣáájú 1954 tàbí tí wọ́n fi ọwọ́ rọ ní ìlànà àtijọ́. Èèkù lè kó yín sí wàhálà ju idà lọ: ìwo àgbáǹréré ni wọ́n fi ṣe èèkù àwọn ọ̀bẹ jambiya kan ní Yemen, àdéhùn àgbáyé sì ti ka òwò rẹ̀ léèwọ̀ láti 1977; òfin tó de títa eyín erin ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kẹfà 2022. Ní Japan, idà ló ní káàdì, kì í ṣe ẹni tó ni ín. Ìgbìmọ̀ ètò ẹ̀kọ́ ẹkùn kọ̀ọ̀kan ló ń fún un ní káàdì náà, gígùn rẹ̀, iye ihò àti orúkọ tó wà lára rẹ̀ sì wà níbẹ̀. Ẹni tó bá rà á gbọ́dọ̀ fi tó wọn létí láàárín ọjọ́ 20. Bí ẹ bá fẹ́ mú un kúrò ní ilẹ̀ náà, ẹ ó dá káàdì padà, ẹ ó sì gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ àjọ tó ń bójú tó àṣà. Ẹ jẹ́ kí oníṣòwò bá yín gba ìwé náà kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú, nítorí ó máa ń gba ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan.